Etí Ẹní tí Ìyá Dọ̀tun Fi Pamọ́

Àwọn àgbà ìjọ wa ní kí n dìde bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, kí àwọn tó ń ronú ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ wọn ṣe lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kì í jáde níwájú èrò. Bí ẹni mẹ́ta bá ti dojú kọ mí, ilẹ̀ ni n ó máa wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró. Ibi tí ẹ bá rí i pé ó wọ́, ẹ bá mi nà án.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín pé ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ọmọdé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì máa ń jẹ ọwọ́. Làkúrègbé ti wọ inú oríkèé ìka mi. Láàárọ̀, àbúrò mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì aṣọ mi. Iṣẹ́ tèmi ti parí. Ohun tó kù ni kí n sọ bó ṣe rí.

Ẹní ni mo ń hun, àti àpò tí à ń fi ohun kan náà hun. Ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá rẹ̀ tó gùn yẹn ni à ń là sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, à á sá a sóòrùn, à á pa á láró pupa tàbí dúdú, ká tó jókòó hun ún. Gálárì kékeré kan nítòsí Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ni mo ti ṣe é. Tí mo bá ní gálárì, ẹ má ronú ilé onígíláàsì o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, tí òrùlé rẹ̀ ti pọ́n. Ogún bàbá Tíṣà ni. Tíṣà jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kun pálọ̀ ìsàlẹ̀ ní funfun, ó gbé àwòrán kọ́, ó to ère sí i, ó sì ní kí gbogbo ọmọ àdúgbò máa wá kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà àti amọ̀ mímọ. Nítorí ẹní híhun, ó lọ bẹ Ìyá Dọ̀tun wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó sì fún un ní yàrá kan lẹ́yìn àgbàlá.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn ní sísọ. Bàbá mi kú, ilé-ìwé di ohun tí apá ìyá mi kò ká mọ́, ìyá mi sì mú mi lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Dọ̀tun láti kọ́ṣẹ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú rẹ̀ mú, ìka rẹ̀ sì gùn bí ti ẹni tó yẹ kó máa fi dùùrù ṣeré ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí lorúkọ rẹ?"

Mo sọ ọ́. Kò gbọ́.

"Ṣé odi ni?"

"Rárá o, Màmá, ojú ló ń tì í. Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀," ni ìyá mi dáhùn.

"Kí ojú máa tì í lọ. Ibi tí ẹnu bá ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ a máa sinmi. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ẹnì kan wà níbẹ̀ ṣáájú mi tí ẹnu tirẹ̀ kì í sinmi. Ràbì ni, ọmọ bíríkìlà kan ládùúgbò, ọjọ́ orí wa kò ju ara wọn lọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá, èyí tí ẹ mú wá yìí, ṣé ó ń mí?" Báyìí ni a ṣe di ọ̀rẹ́. Òun ń sọ tirẹ̀, ó ń sọ tèmi mọ́ ọn.

Ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ẹní. Ọ̀pá eéran ni mo ń là. Ìyá Dọ̀tun á mú fọ́nrán tí mo là, á fi èékánná àtàǹpàkò fà á láti ìdí dé orí. Bí èékánná bá kọ́ níbì kan, á jù ú sínú ààrò. Kì í bú èèyàn. Kì í nani. Á kàn jù ú sínú ààrò, á na ọwọ́ gba òmíràn. Mo rò pé ìbá sàn kó gbá mi létí. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n wí nípa ọmọ tó ń wo bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń jó láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó jẹ́ kí a hun, ó tún mú òfin mìíràn wá. Ẹní tí o bá hun, orí rẹ̀ ni wàá sùn, láìtẹ́ aṣọ. Tó bá di òwúrọ̀, kí a tó bọ́jú, á pè wá síta, á gbé àgbọ̀n wa sókè, á yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa sí ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ibi tí fọ́nrán ti gun ara wọn, gbogbo ibi tí a ti fà á jù tàbí tí a ti dẹ̀ ẹ́ jù, ó ti tẹ ara rẹ̀ sí wa lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Bọ́sẹ̀, àwọn méjì gun ara wọn lápá ọ̀tún. Lọ tú u."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka tèmi sókè, kí n lè gbọ́ ìròyìn òwúrọ̀," ni Ràbì máa ń wí.

"Tìrẹ? Tìrẹ ni ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ nígbà òjò. Kòtò lásán. Lọ tú u."

Títí di òní, tí mo bá jí, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò kọ́ wa, òun gan-an ló sì jẹ mí lógún jù láyé mi. Etí ẹní ni. Bí a bá hun ẹní dé ìparí, fọ́nrán á yọ gbọọrọ gbọọrọ yí i ká bí irun tí a kò dì. Ẹni tó mọṣẹ́ ni yóò ká wọn padà wọ inú ẹní, kí ó lè dúró. Ẹní tí a kò ká etí rẹ̀ kì í ṣe ẹní. Bí o bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń tú nìyẹn. Tiwa, tí a bá ti hun ún débẹ̀, Ìyá Dọ̀tun á gbà á lọ́wọ́ wa, á gbé e wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Tó bá jáde, etí ti ká, ó ń dán, ó le bí àmùrè. Kò sí bí o ṣe lè wò ó tí wàá mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ òmìnira yín ni n ó fi hàn yín," ló máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wọn, ẹni tó bá ti mọ etí ti di ọ̀gá.

Ọdún tí a dá fún iṣẹ́ kíkọ́ pé, ó kọjá. Kò sọ nǹkan kan. Ràbì ló bi í.

"Ọwọ́ yín kò tíì gbó," ló fi dá a lóhùn.

"Ìyá, ọwọ́ mi ti gbó ju ìgbálẹ̀ ọjà lọ!"

"Ìgbálẹ̀ kì í ká etí ara rẹ̀. Jókòó."

A sì jókòó. Tíṣà fi wá ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì. Àwọn ọmọdé á wá lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ tíṣà, ọmọ nọ́ọ̀sì, ọmọ oníṣòwò, gbogbo wọn á jókòó sílẹ̀ ní àgbàlá. Mo fẹ́ràn kíláàsì yẹn. Pẹ̀lú ọmọdé, ojú kì í tì mí tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ojú mi. Ohun tó ń dùn mí ni ìgbà tí ọmọ kan bá hun àpò kékeré rẹ̀ dé ìparí, tó gbé e wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín, tí mo ní kó dúró de Ìyá.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀yin náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀ ni?"

N ó ní kó lọ fọwọ́.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irinṣẹ́ ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, pòròpórò ọkà bàbà ni à ń sè fún aró pupa, ẹrẹ̀ odò la sì ń ri fọ́nrán mọ́ kó lè dúdú. Nígbà tó yá, aró inú ọ̀rá dé sí ọjà, ẹ pò ó, ó ti pupa. Ìyá Dọ̀tun gbà á, ó kàn ní pupa rẹ̀ ń pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹní rọ́bà kún ìgboro, tó ní òdòdó lára, tí wọ́n ń nù bí àwo. Ó fọwọ́ pa ọ̀kan lọ́jà, ó bi oníṣòwò náà pé, "Kì í fa òógùn. Ṣé òkú lẹ tà á fún ni?" Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹní rọ́bà náà ló ń tà, tiwa ń bẹ lára ògiri gálárì, àwọn àlejò ń yà á ní fọ́tò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo bá Ìyá Dọ̀tun nílẹ̀ lẹ́bàá ọpọ́n aró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú aró títí dé ìgúnpá, ojú rẹ̀ là, kò sì lè pè mí. Rọpárọsẹ̀ ni. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ níwọ̀n tí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ mọ, wọ́n dá a padà fún wa. Apá ọ̀tún kú. Ahọ́n wúwo, ọ̀rọ̀ kì í jáde ju ìró lọ. Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ. Ràbì ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń bá a ṣàwàdà bí ìgbà tí kò sí nǹkan tó ṣe é, àfi tó bá jáde sí àgbàlá tán ló ń sunkún.

Ní ọ̀sán kan, Ìyá nàka sí ẹní kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hun dé ìparí. Mo gbé e wá. Ó fi ọwọ́ òsì lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n jókòó. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ó rin etí ẹní náà lómi. Ó mú fọ́nrán kan pẹ̀lú ọwọ́ òsì tí ń gbọ̀n, ó ká a, ó tì í wọ abẹ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ó fo èyí tó tẹ̀ lé e, ó mú ìkẹta. Mo rò pé kò rí i ni. Mo rọra mú èyí tó fò, mo fi í sí i lọ́wọ́. Ó ta ọwọ́ mi dànù. Ó tún fo òmíràn. Mo tún fi èyí tó fò hàn án, nítorí mo rò pé àìsàn ló ń da ojú rẹ̀ rú. Ó kígbe, ìró kan ṣá, kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìka rẹ̀ dẹ̀, gbogbo èyí tó ti ká bọ́ sílẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú etí. Mo ká ẹní náà kúrò. N kò tún rí i kó gbìyànjú rẹ̀ mọ́.

A kò mọ ẹlòmíràn tó mọ etí náà. Ràbì ní ọ̀nà kan ló kù. "Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú èyí tó wà lára ògiri, ká tú etí rẹ̀ wò. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ṣé a kì í ja kọ́kọ́rọ́ ni?"

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ilé Ìyá Dọ̀tun ni. Etí tí ọwọ́ ẹnì kan bá ti ká, a kì í tú u nígbà tí ẹni náà bá wà láyé. Bí o bá tú u, o ti sin ín nìyẹn. Tíṣà, tó jẹ́ onígbàgbọ́ paraku, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní, "Ó ń gbọ́ wa látinú yàrá." Ràbì mú ọ̀bẹ, ó dúró níwájú ògiri títí, ó tún gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. "Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́ o," ló wí.

Àkókò yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ní kí a hun àpò fún àjọ̀dún wọn. Tíṣà ní tí iṣẹ́ náà bá dára, ojú àwọn ìyá wọ̀nyí yóò là sí gálárì, wọn yóò sì kó ọmọ wọn wá sí kíláàsì tó ti ń tú díẹ̀díẹ̀. A hun àpò. Ó rẹwà. Àmọ́ gbogbo wọn gbórí jọ ní igun yàrá, tí fọ́nrán yọ lẹ́nu àti nísàlẹ̀ wọn, kò sí ẹni tó máa ká etí wọn.

Ràbì bá lọ ra ìbọn gọ́ọ̀mù. Ohun èlò kan tí wọ́n ń fi iná mànàmáná gbóná ni, tí gọ́ọ̀mù á yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rí i lórí fóònù. Ó gé fọ́nrán tó yọ, ó lẹ etí pọ̀, ó fi téèpù aláràbarà bò ó. Ó ṣe kíá. Ó dán. Tíṣà fà á wò, kò já. Inú wa dùn. Ọjọ́ tí inú mi dùn jù nínú ọdún yẹn nìyẹn.

Ọjọ́ àjọ̀dún, abẹ́ ìbòrí ni wọ́n to àga sí, ṣùgbọ́n oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ ìbòrí. Àpò ti wà nínú búùtù ọkọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n pín in, olúkúlùkù kó Bíbélì àti ìwé orin sínú tirẹ̀. Èmi àti Ràbì dúró lẹ́yìn. Nígbà tí Ìyá Ààrẹ ẹgbẹ́ náà dìde láti sọ̀rọ̀, Bíbélì rẹ̀ jábọ́ gba ìsàlẹ̀ àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, dígí ojú rẹ̀, ìrẹsì inú kúlà kékeré kan, gbogbo rẹ̀ bá a lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, àpò yín mà ti bímọ!" ni ẹnì kan wí.

"Tèmi náà ń rọbí!"

Gọ́ọ̀mù ti yọ́ nínú ooru. Lórí àga kọ̀ọ̀kan, àpò ń ṣí, fọ́nrán ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan bí irun ẹni tí ẹ̀rù bà. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń pòṣé sí wa. Ìyá Ààrẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ ti dójú tì wá." Ìyẹn nìkan. Tíṣà kọjá láàárín àga, ó ń gba àpò náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn obìnrin tí òun ti kọ́ ọmọ wọn. Irun orí rẹ̀ funfun. N kò lè gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, àwọn ọmọ tó ń wá ní Sátidé kò tó èyí tí ẹní kan gbà mọ́.

Ọyẹ́ ló mú Ìyá Dọ̀tun lọ. Kò pariwo. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Àǹtí Dọ̀tun, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì dé láti Èkó. N kò rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ rí. Ní ilé wọn, bí ahunní bá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò tú etí ẹní tó fi sùn, kí wọ́n tó gbé e lọ sin. Wọ́n tẹ́ ẹní náà sí àgbàlá. Àǹtí Dọ̀tun wò ó títí, ó wá pè mí.

"Ìwọ ni Bọ́sẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ lo fún un lóúnjẹ. Jókòó, bá mi tú u. Ọwọ́ mi ò gbà á."

Mo kúnlẹ̀. Mo wá igun tó ti parí rẹ̀, mo fà á. Fọ́nrán àkọ́kọ́ jáde. Ìkejì jáde. Lábẹ́ wọn, mo rí òmíràn tó ti sùn síbẹ̀, tí kò tú. Mo fà síwájú. Bákan náà ni. Ọ̀kan ń tú, ọ̀kan ń fi ara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró.

"Ó fò wọ́n," ni mo wí. N kò mọ̀ pé mo sọ ọ́ síta.

"Ẹ̀n. Á ká ọ̀kan, á fo ọ̀kan, títí á fi yí ẹní po. Á wá padà mú èyí tó fò, á fi wọ́n ti àwọn ti àkọ́kọ́ pa. Àbọ̀ ló ń bo àlọ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè rí i."

Ọwọ́ òsì tó ń gbọ̀n yẹn wá sí mi lójú. Kò ṣì í. Ìgbà méjì ló fi hàn mí, ìgbà méjì ni mo bá a tún un ṣe.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, mà?" ni mo bi í.

"Láti kékeré." Àǹtí Dọ̀tun jókòó sílẹ̀, aṣọ dúdú rẹ̀ kún fún eruku. "Ọdún tó kọ́ mi ní etí ni mo lọ sí Èkó. Mo rò pé kò sí ohun tó kù nílé fún mi mọ́. Ó bi mí pé ṣé n ó padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Nígbà tí mo wá kí i níbí, ó sọ fún mi pé òun ní ọmọ méjì báyìí tí wọn ò ní lọ. Mo ní, báwo ló ṣe mọ̀? Ó ní, 'Wọn ò tíì mọ etí.'"

N kò bínú. Mo ti wá ìbínú náà nínú ara mi láti ìgbà yẹn, n kò rí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀rù tó ń ba ẹlòmíràn náà, ó yẹ ká wò ó dáadáa ká tó pè é ní ìkà. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ká etí ẹní. Ohun tí mo ti ń retí láti ọmọdé, ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà.

Mo sọ fún Tíṣà pé etí ni n ó máa fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì láti ìsinsìnyí, pé ẹnikẹ́ni tó bá lè hun, n ó kọ́ ọ.

"Má dán an wò," ni Ràbì wí. "O ti gbọ́ ìdí tó fi tì í pa. Wọn ó lọ."

"Kí wọ́n lọ."

Ràbì yí ojú sí mi. Ó ní òun kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu mi rí. Òun náà ni mo kọ́kọ́ kọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìjagun, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra àpò rẹ̀. Ó sunkún nígbà tó ń lọ, ó sì bú mi pé mi ò sunkún. A ṣì ń pe ara wa lórí fóònù. Ó ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́.

Àwọn yòókù náà kọ́ ọ, wọ́n lọ. Ọ̀kan ń hun fún àwọn alágbàtà ní Ìbàdàn. Òmíràn ti fi í sílẹ̀, ó ń rán aṣọ. Tíṣà darúgbó, kò lè sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn mọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba ilé náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi iwájú rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbà wá láàyè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn títí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìka mi ti ń wú nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹnu kọ́ ohun tí mo ti ń fi ọwọ́ kọ́, èmi tí n kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ ó fẹ́ kí n sọ fún yín bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí ẹ má kọ́ ọ. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ kì í dúró ti èèyàn. Bí o bá fún ẹlòmíràn, yóò bá a lọ. Bí o kò bá fún un, yóò kú mọ́ ọ lára. Èyí tí ẹ bá lè fara dà nínú méjèèjì ni kí ẹ mú.

Ẹni tí mo kọ́ gbẹ̀yìn ni Dámilọ́lá, ọmọbìnrin kan tí ojú ń tì bí èmi. Àwa méjì nìkan la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àwọn bíríkìlà ti ń da iyanrìn síwájú ilé. Mo ń sọ ọ́ fún un, ó ń ṣe é. Ká a. Fò ó. Ká a. Nígbà tó yí ẹní náà po, tó padà, tó mú èyí tó fò, tó fi fọ́nrán ìkẹyìn sábẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

"Àǹtí, ó ti parí?"

"Ó ti parí."

"Kí n wá ní Sátidé tó ń bọ̀?"

Mo lè rí nǹkan sọ tí yóò dá a dúró. Aró ń bẹ, tí n kò tíì kọ́ ọ dáadáa. Ọ̀nà dídá ń bẹ. Ẹnu mi là, ojú rẹ̀ sì wà lára mi, ó ń dúró, á gbà á gbọ́ ohunkóhun tí mo bá wí.

"Rárá," ni mo wí. "O ti mọ gbogbo rẹ̀."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti kúnlẹ̀. Ó ká ẹní rẹ̀, ó sáré jáde kọjá lára iyanrìn, ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó gbé ẹní náà lé itan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kẹ̀kẹ́ náà fi yà sí ọ̀nà Ìbàdàn. Kò wẹ̀yìn, ó sì dùn mọ́ mi pé kò wẹ̀yìn, nítorí bí ojú mi ṣe rí.